Ojú Gbó, Àyà Ń Já

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ìwà ẹni tí kì í sá. Ọ̀kan ni ìgboyà, àyà ló wà nínú tìyẹn. Èkejì ni ògbójú, ojú ló wà níbẹ̀. Nígbà tí D. O. Fágúnwà fún ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ, ti ojú ló mú: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ojú sì rèé, òun ni ará ìta ń rí. Ohun tó ń lù kìkì nínú àyà, ẹni tó ni àyà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ojú lè gbó kí àyà máa já.

Mo ń sọ èyí torí pé bí ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ yìí, ẹ ó rí ẹnìkan tó ń pariwo pé kẹ́ ẹ má bẹ̀rù, pé kẹ́ ẹ sáà bẹ́ sínú omi, ẹ ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí mò ń rí nínú ìwé mu. Àwọn tó la ọ̀nà tuntun nínú lítíréṣọ̀ wa, mo gbà pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹsẹ̀ ẹ̀rù náà wà nínú iṣẹ́ wọn, ní gbangba, fún ẹni tó bá mọ ibi tó máa wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ tiẹ̀ ju ìyẹn lọ: ẹ̀rù yẹn gan-an ló fún iṣẹ́ wọn ní ìrísí tí a fi ń yìn wọ́n títí dòní. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa fara pamọ́ sí, ibi ìfarapamọ́ náà ló wá di ọnà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí egúngún kò lè sọ. Ọkùnrin tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn, bó bá jẹ́ pé ojú lásán ló fi dúró láàárín ọjà, kò ní lè la ẹnu bá baálé ilé kan wí. Gbé ẹ̀kú wọ̀ ọ́ ná, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pe ọkùnrin yẹn ní ojo nítorí pé ó wọ ẹ̀kú. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó, ọdún 1929. Isaac Babalọlá Thomas ni olóòtú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tó dá sílẹ̀ ní 1928, tó ń gbé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde pọ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn yìí. Obìnrin náà kò sọ orúkọ tí wọ́n bí i pẹ̀lú. Ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ó ní òun ti fi ìgbà kan jẹ́ arẹwà tí gbogbo ọkùnrin Èkó ń sá tẹ̀ lé, pé àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀ báyìí, pé kí ikú tó mú òun lọ, òun fẹ́ sọ gbogbo bí òun ṣe lo ayé òun fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà títí wọ inú ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé wọlé, wọ́n ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá kò sí rárá. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń pe iṣẹ́ yìí ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Karin Barber, onímọ̀ ará Bìrìtìkó tó mọ Yorùbá dénú, tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, ẹni tó bá fẹ́ rí i lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò Thomas. Ẹ fẹ́ kọ ìtàn gígùn nípa obìnrin kan ní ìgboro Èkó. Kì í ṣe ìtàn ìjàpá, kì í ṣe ìtàn ìlú, kì í ṣe ìwé ìjọ. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Ẹ ò tiẹ̀ ní orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é. Bẹ́ ẹ bá jáde sí gbangba pé, “Èmi olóòtú ló hun irọ́ yìí, ẹ wá rà á,” ta ni ó rà á? Owó ìwé ìròyìn yín sì rèé, ọwọ́ òǹkàwé ló ti ń wá.

Thomas wá mú ohun kan tí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn lẹ́tà. Àwọn ará Èkó mọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n mọ ohùn ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí ojoojúmọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mọ ẹsẹ Bíbélì, wọ́n mọ orin ìjọ, wọ́n sì mọ orin ìgboro tí àwọn ọmọge fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Gbogbo wọn ló kó sínú lẹ́tà náà, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò tí òǹkàwé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: obìnrin náà kò sí. Ìyẹn nìkan ni kò sì sọ fún wọn.

Ẹ̀yin kan máa ní ìwà ojo ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀kú tó gbé wọ̀ yìí ló fún un ní ohùn. Olóòtú ìwé ìròyìn tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ nípa àlè yíyàn yóò máa wàásù ni, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá ò ráyè ìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, àmọ́ bó bá dé ibi aṣọ tó wọ̀, ibi ọkùnrin tó yí po, ibi bí ojú gbogbo ọ̀nà ṣe ń tẹ̀ lé e, ẹ máa gbọ́ adùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu tó ń sọ pé òun kábàámọ̀ ń lá ètè bó ṣe ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti tà mí lọ́rẹ. Wàásù kankan kò lè ṣe é, ìtàn ló ń ṣe é.

Ibi tí mo ti bá Thomas ṣe àríyànjiyàn ni owó tí ẹ̀kú náà ná. Kí ìwé ìròyìn tó lè gbé irú obìnrin yìí, ó di dandan kí obìnrin náà máa kú lọ. Àìsàn rẹ̀ ni ìwé ìrìnnà rẹ̀. Bí Ṣẹ̀gilọlá bá ní ara líle, tó jókòó sí ìyẹ̀wù rẹ̀, tó ń rántí ọjọ́ àná, tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò rò pé Thomas á lè tẹ lẹ́tà kejì. Olóòtú ló bẹ̀rù, obìnrin inú ìwé ló sanwó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí lẹ́yìn Thomas, ẹ ka iye obìnrin aláfẹ́ tó ti fi àìsàn tàbí ikú parí ìtàn nínú ìwé wa àti nínú fíìmù wa. Ẹ̀rù ẹnìkan ní 1929 ti di àṣà tí a ò bi léèrè mọ́.

Fágúnwà ní tirẹ̀, tíṣà ni, ọmọ Òkè-Igbó, onígbàgbọ́. Ilé ìtàwé CMS ní Èkó ló tẹ ìwé rẹ̀ ní 1938. Ẹ rò ó wò ná: tíṣà ilé-ìwé ìjọ, ilé ìtẹ̀wé ìjọ, ìwé sì kún fún iwin, ẹbọra, oògùn àti àjẹ́. Ìyá Àkàrà-ògùn pàápàá, àjẹ́ ni. Báwo ni ọkùnrin yẹn ṣe rọ́nà gbà?

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kò gbà pé òun ló ni ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, bàbá arúgbó kan ló wá bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Akọ̀wé lásán ni. Bí igbó náà bá ní àbùkù, ẹ lọ bá Àkàrà-ògùn. Wọ́n ti yin ọgbọ́n yìí títí, wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà pa ìtàn ló gbé wọ inú ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún ń rí ọkùnrin kan tó fi ìtàn rẹ̀ sí ẹnu ẹlòmíràn kó tó lè sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Thomas ṣe fi tirẹ̀ sí ẹnu obìnrin. Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín wọn.

Èkejì ni ìwàásù. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà mọ̀ pé bó bá ku díẹ̀ kí ìjà gbóná, yóò dúró gba ènìyàn níyànjú. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó máa ń fo ibẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, ibẹ̀ gùn. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí ìwàásù náà ń ṣe. Òun ni àdó tí Fágúnwà so mọ́dìí kó tó wọ igbó. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní, “Kí lo kọ yìí?” á ní, “Ìwà rere ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, sà.” Kò parọ́. Igbó tí kò bá ní ìwàásù níwájú rẹ̀, ó ṣòro kó dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé kankan.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ìwé náà mọ ohun tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Lángbòdó lọ́wọ́ òfo. Àwọn ògbójú méje ló jáde. Kàkó mú kùmọ̀, Ìmọ̀dóyé mú ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ mú orin, Èfọ̀ìyè mú ọfà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Aràmàdà-okùnrin ní ara tí ooru òun òtútù kò rí mú. Àkàrà-ògùn ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó gbé dání. Ẹ bi ara yín léèrè: bí àwọn ọkùnrin yìí kò bá bẹ̀rù, kí ni wọ́n ń kó gbogbo èyí lọ fún? Ọdẹ Fágúnwà ò fi ìgbà kan díbọ́n pé igbó kò lẹ́rù. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà kì í di oògùn. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ògbójú àti ọmọ tó kàn ń ṣe ráńdaràńda wọ igbó, tí wọ́n máa fi iná wá kiri lálẹ́.

Ẹ jẹ́ n mẹ́nu kan Hubert Ògúndé díẹ̀, torí ara rẹ̀ la ti ń rí i pé ẹ̀kú lè fẹ́lẹ́ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ọlọ́pàá ni ní 1944, nígbà tó ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìjọ aládùúrà kan ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Ọgbà Édẹ́nì ni eré náà dá lé. Àbí ta ló fẹ́ bá ènìyàn jà lórí Ádámù àti Éfà? Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún náà gan-an sórí ìtàgé nínú Strike and Hunger. Nígbà tó fi máa di 1964 tó ṣe Yorùbá Ronú, ẹ̀kú tó kù lára rẹ̀ kò ju àlọ́ ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọba náà, wọ́n sì mọ igbákejì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà ní agbègbè wọn títí di 1966. Láti inú ọgbà Édẹ́nì dé ibẹ̀, ogún ọdún ni. Kò bẹ́ sínú omi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. (Pé ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó nígbà tí àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn gun ìtàgé, ìyẹn tó àròkọ mìíràn. Ẹ ṣáà rántí Ṣẹ̀gilọlá bẹ́ ẹ bá ń rò ó.)

Ẹ̀kú ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ lè gbàgbé pé aṣọ ni. Lẹ́yìn tí Fágúnwà ti la igbó kọjá, òǹkọ̀wé lẹ́yìn òǹkọ̀wé ló tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀. J. O. Ògúndélé tiẹ̀ gbìyànjú, ó gba ìsàlẹ̀ òkun lọ nínú Ibú Olókun ní 1956, ṣùgbọ́n ẹ̀dá abàmì náà ló tún lọ bá níbẹ̀. Mi ò fi ṣe ẹlẹ́yà o. Àmọ́ ohun tó jẹ́ ibi ìfarapamọ́ fún Fágúnwà ti wá di ilé fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Igbó tó ń bani lẹ́rù ní 1938 ti di ọ̀nà oko. Ẹ̀rù ò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́n.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún 1970 pé kí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ní 1969. (Ẹrù ni ti Òkédìjí, kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ wo bí àmì ohùn kan ṣoṣo ṣe ya èyí tí à ń rù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń bà wá.) Ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni Lápàdé tó mú ṣe akọni. Ìgboro ló ń rìn, kì í ṣe igbó, ọ̀daràn ló sì ń lé, kì í ṣe iwin. Ìwé ọ̀daràn ní Yorùbá! Ta ló ń retí irú ẹ̀? Kí wá ni ẹ̀kú tirẹ̀? Ẹ gbọ́ bí Lápàdé àti Tàfá Ìgìrìpá ṣe ń sọ̀rọ̀. Òwe lórí òwe, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fi ṣeré, wọ́n ń fi idì rẹ̀ sókè. Nǹkan bá le, ẹnu wọn kò dákẹ́. Àgbàlagbà tó bá ń ṣe ìyọnu pé ìwé ìbọn àti ọ̀daràn á ba èdè jẹ́, kò ní rí ojú òwe wọ̀nyẹn gbà. Lábẹ́ òwe náà ni ohun tuntun gbà kọjá. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ, tirẹ̀ ni ẹ̀kú tó dára jù, torí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kò sí obìnrin tó kú fún un, òǹkàwé kò sì fo ojú ìwé kankan. Òwe náà gan-an ni adùn.

Mo ti ń rìn bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi nípa kíkọ Yorùbá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Yorùbá mi ò jinlẹ̀.” “Mi ò mọ àmì í fi sí.” “Wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.” Mi ò lè sọ fún wọn pé irọ́ ni, torí mo ti rí i. Ọmọdé á fi ìtàn kékeré síta, ìtàn tó dáa, nípa ìyá rẹ̀ tó ń ta dòdò ìkirè, ogún ènìyàn á sì wá jókòó lé ààmì tó fi sórí “ọkọ̀” àti “ọkọ”. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá. Iṣẹ́ àwa tí à ń ṣe lámèyítọ́ kọ́ nìyẹn, àmọ́ àwa náà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀, àkọtọ́ tí à ń fi bá ara wa jà yìí, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Thomas kò kọ ọ́. Fágúnwà náà, “aiye” àti “enia” ló kọ ní 1938. Bí ẹ bá gbé ojú ìwé kìíní Ògbójú Ọdẹ bó ṣe jáde nígbà yẹn síta lónìí láìsọ ẹni tó ni ín, mo mọ àwọn tó máa fi ọ̀pá pupa lé e jáde.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ́ àmì o. Ẹ kọ́ ọ, ó dùn, ẹ ti rí ohun tó ṣe fún ẹrù àti ẹ̀rù lókè yìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe àmì pé kò yẹ kẹ́ ẹ kọ. Ó lè jẹ́ àmì ibi tí ìwé náà wà. Bí Yorùbá yín bá jẹ́ ti ọmọ Èkó tó ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, ẹ wá ẹnìkan nínú ìtàn tó máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé gègé fún un. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ránṣẹ́ ohùn sí ìyàwó rẹ̀ lórí WhatsApp kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè òwe. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tó ń kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìlọrin, tó ń ṣi ọ̀rọ̀ lò, tí ìyá àgbà sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kò gbọ́ tán: ìwé ńlá wà níbẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ sì ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga kò lè kọ ìyẹn.

Èyí tó ń wù mí jù láti kà ni lẹ́tà kan sí i láti ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀gilọlá. Kí ara rẹ̀ le. Kó wà ní Èkó lónìí, kó máa rántí aṣọ tó wọ̀ àti ojú tó tẹ̀ lé e, kó má kábàámọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹni tó bá kọ ọ́ fi ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó fi orúkọ mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.